Sí Ìyá Ìbejì, lórí ọmọ tí kò lè kàwé

Ìyá Ìbejì mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibi tí o ti sọ nínú lẹ́tà rẹ pé kí n yéé bínú sí ìjọba kí ẹ̀jẹ̀ mi má bàa ru. Ó ti pẹ́ jù, ọ̀rẹ́ mi.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì karùn-ún tí mò ń kọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kó dìde kàwé. Ó gbé ìwé sókè, ó ń kà á lọ geerege. Ìgbà tí mo sún mọ́ ọn ni mo rí i pé ojú ìwé tó ṣí kọ́ là ń kà. Ó ti há a sórí látẹnu ẹni tó kà ṣáájú rẹ̀. Àwọn ìyókù bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú ti èmi. Ọdún mẹ́rin ni àwa tíṣà ti ń gbé e láti kíláàsì dé kíláàsì bí ẹni gbé ẹrù ẹlẹ́rù.

Òun nìkan kọ́ o. Lọ́dún 2022, Báńkì Àgbáyé, UNESCO àti àwọn mìíràn kéde pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ wọn, bí a bá kó ọmọ ọdún mẹ́wàá jọ, nínú mẹ́wàá wọn, nǹkan bíi méje ni kò lè ka ìtàn kékeré kó yé wọn.

Mo mọ̀ pé wàá sọ pé owó ni ìṣòro. Owó wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Ùgáńdà sọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní 1997, Kẹ́ńyà ṣe é ní 2003. Ọmọ ya wọlé bí omi, tíṣà ò sì pọ̀ tó wọn. Ẹni tó bá ti dúró níwájú ọgọ́rin ọmọ rí mọ̀ pé àwọn tó wà níwájú lò ń kọ́, àwọn tẹ̀yìn kàn ń wò ọ́ lẹ́nu ni.

Ohun tó ń dùn mí jù ni sílábọ́ọ̀sì, ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní ká kọ́ tán. Àwọn alábẹ̀wò ò bi mí rí pé ọmọ mélòó ló lè kàwé. Ojú ìwé tí mo bá a dé ni wọ́n ń bi mí. Bí mo bá dúró de ọmọ, mo jẹ̀bi. Bí mo bá fi í sílẹ̀ sáré lọ, mo káre. Kí wọ́n kọ́kọ́ yí ìbéèrè yẹn padà ná, kí wọ́n tó kun ògiri iléèwé.

Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Pratham, ní Íńdíà, kì í wo ọjọ́ orí, kì í wo kíláàsì. Wọ́n á yẹ ọmọ wò: ṣé lẹ́tà ló mọ̀ ni, àbí ọ̀rọ̀, àbí ìpínrọ̀? Wọ́n á wá kó àwọn tó bára dọ́gba jọ fún wákàtí kan tàbí méjì lóòjọ́. Mo jí i lò. Àkókò ìsinmi ni mò ń fi ṣe é, èmi àti ọmọ méjìlá, láìgbàṣẹ (má sọ fún ẹnikẹ́ni). Ọmọkùnrin wa ti mọ lẹ́tà tán. Ó ń wá orúkọ ara rẹ̀ kiri lára ògiri.

Bí àwọn ìbejì bá ní ìwé ìtàn tí wọ́n ti kà tán, dì í ránṣẹ́ sí mi. Kó má nípọn o. Ẹ̀rù ìwé tó nípọn ṣì ń bà wọ́n.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ