Ìsàlẹ̀ bíìmù afárá ni iṣẹ́ wà

Ẹ̀yin Olóòtú,

Opó afárá ni gbogbo ènìyàn ń kan sáárá sí, bẹ́ẹ̀ bíìmù tó dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀ ló ń jìyà jù. Bí ọkọ̀ bá ti gùn ún, á tẹ̀ díẹ̀, kódà bí ojú ò tilẹ̀ rí i: òkè rẹ̀ á fún pọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á nà. Kọnkéré gba ìfúnpọ̀ dáadáa, àmọ́ bí a bá fà á, kíá ló ń sán. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń to ọ̀pá irin sí ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá kó gbogbo irin ọ̀hún sókè láàárín opó méjì ń fowó ṣòfò ni, ká má tíì sọ ti ẹ̀mí. Bí bíìmù bá sì ga ní ìlọ́po 2, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po 4. Bó bá kàn fẹ̀ ní ìlọ́po 2, ìlọ́po 2 náà ni.

Òǹkàwé yín