Mo ti ta mọ́tò, wọ́n ṣì ń yọ owó ìnṣọ́ránsì rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde lórí àwọn ọlọ́pàá tó ń dá mọ́tò dúró nítorí ìnṣọ́ránsì, bí ẹ ṣe rọ àwa ará Kwara pé ká yéé ra bébà ayédèrú lọ́wọ́ àwọn tó ń dúró lẹ́bàá ọ́fíìsì ìwé mọ́tò, ká máa ra ojúlówó lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2025 ni àyẹ̀wò náà ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń wa mọ́tò ní Ìlọrin tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n apá kan wà níbẹ̀ tí ẹ kò fọwọ́ kàn, òun ló mú mi kọ̀wé: téèyàn bá ti fi káàdì báńkì rà á lórí fóònù tán, ta ló máa ń dá ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì dúró kí wọ́n má tún yọ owó lọ́dún tó ń bọ̀?

Aṣọ ni mo ń tà ní òpópónà Táíwò. Mo ní Camry kan tí mo fi ń kó ọjà. Nígbà tí mo rà á, mo ní mi ò ní ṣe third party nìkan, ìyẹn èyí tó ń sanwó fún ẹlòmíràn tí mọ́tò ẹni bá ṣe lọ́ṣẹ́, tó ti di ₦15,000 láti ọdún 2023. Mo ṣe èyí tó bo olè, iná àti ìjàǹbá pọ̀. Ìlànà NAICOM, àjọ tó ń mójú tó ìnṣọ́ránsì, ni pé owó irú èyí kò gbọ́dọ̀ dín ní náírà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún náírà tí mọ́tò náà bá tó. A ka tèmi sí ₦3,200,000, mo san ₦160,000. Orí áàpù ilé iṣẹ́ náà ni mo ti fi káàdì ATM mi san án. Báńkì fi OTP, nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ránṣẹ́, mo tẹ̀ ẹ́, ìwé dé sórí fóònù mi. Ó rọrùn, n ò ní parọ́.

Kí ọdún tó yí po, mo ta mọ́tò náà fún ọkùnrin kan ní Àjàṣẹ́-Ìpo. A kọ ìwé lọ́dọ̀ lọ́yà, ó yí orúkọ mọ́tò sí tirẹ̀, ó sì ṣe ìnṣọ́ránsì tirẹ̀. Èmi àti Camry parí síbẹ̀.

Àfi bó ṣe di òwúrọ̀ Jímọ̀ kan, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán, tí fóònù dún. Wọ́n ti yọ ₦160,000. Kò sí OTP, ẹnikẹ́ni ò pè mí ṣáájú, tẹ́ẹ̀sì kankan ò wọlé. Àwọn lẹ́tà gígékúrú kan ni wọ́n kọ sídìí rẹ̀, mo sì kọ́kọ́ rò pé àwọn ọmọ yàhúù ti wọ àkáǹtì mi. Ohun tó dùn mí jù ni pé owó náà kì í ṣe tèmi nìkan. Owó tí àwọn oníbàárà ti san sílẹ̀ fún ańkárá Iléyà ló wà níbẹ̀.

Ọmọ tó jókòó níbi ìráhùn ní báńkì mi ní sùúrù, ó yẹ kí n sọ ọ́. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi, ó ní, “Màámi, kì í ṣe olè o. Ẹ̀yin náà lẹ fọwọ́ sí i.” Mo ní báwo? Ó ní nígbà tí mo sanwó lọ́dún àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ náà ti ní kí ẹ̀rọ tó ń bá wọn gbowó tọ́jú káàdì mi. Kì í ṣe nọ́ńbà ara káàdì gan-an ni wọ́n tọ́jú, àmì kan tó dúró fún un ni. OTP tí mo tẹ̀ nígbà yẹn ni wọ́n kà sí ìyọ̀ǹda fún gbogbo ọdún tó ń bọ̀. Tí ọjọ́ bá pé, wọ́n á lo àmì náà, owó á jáde. Mo ní kó dá owó mi padà. Ó ní ìyẹn ò sí lọ́wọ́ báńkì, kí n lọ bá àwọn tó yọ ọ́.

Èkó ni àwọn yẹn wà. Tí ẹ bá pè, ẹ ó tẹ 1, ẹ ó tẹ 3, orin á máa kọ sí yín létí títí owó fóònù á fi tán. Nígbà tí ọmọbìnrin kan wá gbé e, ó ní wọ́n ń ràn mí lọ́wọ́ ni, torí òfin sọ pé ẹni tí kò bá sanwó kò ní ìnṣọ́ránsì. Bí àwọn ò bá yọ ọ́ lásìkò tí nǹkan bá ṣe mọ́tò, èmi ni n ó sunkún. Òótọ́ ni pé òfin wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà mìíràn wà nínú iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kan náà: ohun tí àdánù rẹ̀ kò lè kàn ọ́, o kò lè ṣe ìnṣọ́ránsì lé e lórí. Bí Camry yẹn bá jóná ní Àjàṣẹ́ lónìí, ta ni wọ́n fẹ́ sanwó fún? Èmi kọ́, mo ti tà á. Ẹni tó rà á kọ́, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé wọn. Kí wá ni wọ́n tà fún mi ní ₦160,000? Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní òun máa gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn ọ̀gá òun.

Ká tilẹ̀ ní mi ò ta mọ́tò náà. Iye ọdún tó kọjá gan-an ni wọ́n tún fi ṣírò, bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà wa yìí mọ́tò àlòkù pàápàá ń gbówó lérí. Bó bá sọnù, ₦3,200,000 yẹn lè má ra irú rẹ̀ mọ́. Ìbéèrè kékeré ni ì bá ti gba gbogbo wa: “Ṣé mọ́tò yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín? Èló ló tó báyìí?” Kí ló dé tí wọn ò béèrè? Lójú tèmi, wọn ò fẹ́ gbọ́ ìdáhùn ni. Bí mo bá ra itan ẹran lọ́wọ́ alápatà ní Ìpàta lọ́dún yìí, ṣé yóò wá tọwọ́ bọ pọ́ọ̀sì mi lẹ́ẹ̀míì pé ó yá, owó ẹran ti tún pé?

Lẹ́tà ló yanjú rẹ̀. Mo fi ẹ̀dà ìwé tí a fi ta mọ́tò àti ẹ̀rí pé orúkọ ti yí padà sínú rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà, mo sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹ̀dà kan ń lọ sí NAICOM ní Àbújá. Mo kọ òmíràn sí báńkì pé bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ojútùú, ọ̀dọ̀ CBN, báńkì àpapọ̀ tó ń ṣọ́ gbogbo báńkì, ló kàn, torí bí CBN fúnra rẹ̀ ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn. Owó padà. Wọ́n yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀, wọ́n pè é ní owó iṣẹ́. Iṣẹ́ wo? Mo ní kí báńkì pa káàdì náà, mo gba tuntun, èmi náà ni mo sanwó tuntun.

Àbúrò mi tó wà ní Manchester ní ìnṣọ́ránsì tiwọn náà máa ń fa owó lọ́dọọdún lórí káàdì, àwọn èèyàn sì ń ráhùn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2017, àjọ FCA tó ń ṣọ́ wọn ti ní kí ilé iṣẹ́ máa kọ iye tí o san lọ́dún tó kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun nínú ìwé tí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Láti oṣù Kínní 2022, ó di dandan kí ó rọrùn fún ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n jáwọ́. Bí o bá sì sọ fún báńkì pé ilé iṣẹ́ báyìí kò gbọ́dọ̀ fa owó lórí káàdì rẹ mọ́, báńkì ò lè ní dandan kí o kọ́kọ́ lọ bá ilé iṣẹ́ náà. Káàdì àbúrò mi tún jẹ́ èyí tí báńkì fi ń yáni lówó: owó báńkì ni wọ́n fà, bó bá ń jà, owó tirẹ̀ ṣì wà níbi tó wà. ATM tiwa ńkọ́? Owó ọjà wa gan-an ni. Kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ti dá páropáro.

Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ìnṣọ́ránsì tuntun ní ọdún 2025. Kí NAICOM fi èyí kún ìlànà rẹ̀: ní oṣù kan ṣáájú, kí ilé iṣẹ́ pe oníbàárà tàbí kí ó kọ̀wé sí i ní èdè tó gbọ́, kí ó sọ iye, kí ó béèrè bóyá ohun náà ṣì wà. Bí oníbàárà kò bá fèsì, kó má yọ kọ́bọ̀. Kí àwọn báńkì náà jẹ́ ká máa rí i nínú áàpù wọn, gbogbo ẹni tó tọ́jú káàdì wa, ká lè lé ẹni tó bá wù wá.

Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá tún ń rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n rà á lórí fóònù, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ fún wọn pé àpótí kékeré kan lè wà nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń sanwó, tí ilé iṣẹ́ ti bá wọn fi àmì sí. Kí wọ́n yọ àmì náà kúrò. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní Òmù-Àrán wo tirẹ̀ nígbà tí mo sọ fún un, ó sì bá àmì náà níbẹ̀, lórí ìnṣọ́ránsì bọ́ọ̀sì rẹ̀ méjèèjì. Oṣù tó ń bọ̀ ni owó tirẹ̀ máa pé. A ti kọ lẹ́tà tirẹ̀ náà.

Èmi ni,
Ìyá Aláṣọ,
Òpópónà Táíwò, Ìlọrin.