Àdùkẹ́, ẹ̀rín rẹ dà?

Àdùkẹ́ mi,

Owó tí o fi ránṣẹ́ dé. Mo ti yọ owó iná níbẹ̀, ìyókù wà lọ́wọ́ mi. Orúnkún bàbá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀. Àbúrò rẹ ti parí ìdánwò. Kì í ṣe ìyẹn ni mo torí rẹ̀ jókòó kọ̀wé.

Ẹnì kan tó ti Manchester dé lọ́sẹ̀ tó kọjá ní òun bá ọ nínú mọ́tò rẹ lẹ́yìn ìsìn, tí o dorí kodò, tí ò ń sunkún. Ó ní bí òun ṣe kan gíláàsì báyìí, o yára nujú, o ní "Ayọ̀ Olúwa ni agbára mi." Láti ọjọ́ náà ni oorun ò ti wá sójú mi. Bí mo bá pè ọ́, "Dáadáa ni, Mà." Ẹ̀rín rẹ dà? Ẹ̀rín tí àwọn ará ilé kejì fi máa ń béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ nílé wa, ibo ló wọlé sí?

Ta ló rán ọ ní iṣẹ́ òru, kí ilẹ̀ mọ́ kí o tún sáré lọ kọrin ní ìsìn méjì? Ara òkúta ni? Ṣé o ń jẹun?

Mo ń béèrè, mo sì mọ ẹni tó kọ́ ọ. Èmi ni. Ọdún tí a sin àbúrò rẹ kékeré, o ò ju ọmọ ọdún 8 lọ. O bú sẹ́kún lọ́jọ́ ìdúpẹ́, mo fà ọ́ lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbá ọ létí, mo ní ọmọ Ọlọ́run kì í sunkún lójú ayé, kí o nujú kí o wá jó. O jó. Èmi náà jó. Kò sí ayọ̀ kankan nínú mi lọ́jọ́ yẹn, ọmọ mi. Ohun tí ayé máa wí ni mo ń bẹ̀rù tí mo fi ń jó.

Ó pẹ́ kí n tó fara balẹ̀ ka ìwé Fílípì. Inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù ti kọ ọ́. "Ẹ máa yọ̀ nínú Olúwa nígbà gbogbo" ní orí 4, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sórí. Ṣí i padà sí orí 3, ẹsẹ 18: ó ní ẹkún lòun ń sun bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀. Lẹ́tà kan náà, Àdùkẹ́! Hábákúkù tó ní bí igi ọ̀pọ̀tọ́ ò tilẹ̀ tanná òun yóò yọ̀, igbe "yóò ti pẹ́ tó" ló fi bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀. Igbe yẹn ni mo gé mọ́ ọ lẹ́nu.

Ọjọ́ tí mo kà á, mo ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, mo sunkún ọmọ tí a sin ní ọdún 11 ṣáájú. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí orin ń jáde lẹ́nu mi, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń wò mí.

Má tún sọ "dáadáa ni" fún mi mọ́, inú á bí mi. Pè mí lálẹ́ Sátidé, bàbá rẹ á ti sùn. Bó bá jẹ́ ẹkún ni, sun ún. Mi ò ní ní kí o nujú.

Ìyá rẹ