Sí Àdùkẹ́, lórí àwòrán abúlé tó ń di ahoro

Òṣogbo

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Màmá rẹ kí ọ. Mo yẹ àwòrán tó o fi ránṣẹ́ wò dáadáa: ilé mẹ́sàn-án, ọ̀pẹ, ewúrẹ́, ìyá arúgbó tó ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá jẹ́ abúlé tó ń tán lọ àti ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ lo fẹ́ yà, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́dọ̀ kúrò. Mo mọ ibi tó o ti mú un. Olóògbé Twins Seven-Seven, ayàwòrán tó wà nínú àwọn tí Georgina Beier, ayàwòrán òyìnbó, kọ́ níbí ní 1964, kì í fi àyè sílẹ̀ lójú àwòrán nígbà ayé rẹ̀, ó sì yẹ ẹ́, torí ayé àwọn iwin àti òrìṣà ló ń yà. Tìrẹ yìí, àyè ló máa gbé e.

Lo kánfáàsì 60 sí 90 sẹ̀ǹtímítà, kí o gbé e ní ìbú, kí ẹ̀gbẹ́ tó gùn wà nísàlẹ̀. Fa ìlà ilẹ̀ ní 20 sẹ̀ǹtímítà láti ìsàlẹ̀, kí ojú ọ̀run gba ìyókù. Ilé kan ṣoṣo ni kó ní òrùlé, lápá ọ̀tún, má fi sí àárín. Kun gesso, ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń pilẹ̀ kánfáàsì, lẹ́ẹ̀mejì: bu omi díẹ̀ sí àkọ́kọ́ kó lè wọnú aṣọ, tó bá gbẹ, fi sáńpépà kíkúnná ha á, kí o wá kun èkejì ní ìbú. Má fi ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun yàrá rọ́pò rẹ̀, ó máa ń là, á sì bó.

Àwọ̀ ọ̀dà olóróró mẹ́rin tó: titanium white (funfun), yellow ochre (yẹ́lò bí amọ̀), burnt sienna (pupa bí ilẹ̀) àti ultramarine (búlúù). Má ra dúdú. Ultramarine àti burnt sienna pọ̀ yóò fún ọ ní òkùnkùn tó gbóná díẹ̀. Àwọ̀ ewé pẹ̀lú, ochre àti ultramarine ni kí o pò, àwọ̀ ewé inú agolo ti le jù. Nígbà ọyẹ́, ojú ọ̀run kì í ṣe búlúù: funfun ni, pẹ̀lú ochre díẹ̀. Igi tó jìnnà, jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ọ̀run dọ́gba. Lọ wò ó fúnra rẹ ní aago méje àárọ̀, má gbára lé fọ́tò fóònù, torí ó máa ń sọ òjìji di dúdú biribiri.

Ibi tí mo fẹ́ kí o pẹ́ sí ni ògiri. Ìpele ìpele ni wọ́n fi ń mọ ògiri alámọ̀, ojú ìpele ló sì kọ́kọ́ ń là. Bí òrùlé bá ti lọ, òjò á máa fọ orí rẹ̀ títí yóò fi rí róbótó, omi tó ń ta láti ilẹ̀ á sì máa jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọnú. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń ya orí ògiri ní ṣóńṣó, bí ilé tí bọ́ǹbù fọ́. Ogun nìyẹn, kì í ṣe àìsí ènìyàn. Ìpẹtà páànù, láti ojú ìṣó àti ibi tí páànù kan gun èkejì ni kó ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni omi ń há sí.

Ya pèrègún mẹ́rin tàbí márùn-ún ní ìlà nínú koríko níbi tí ilé kò sí mọ́. Wọ́n máa ń gbìn ín sí ààlà, kì í sì í kú bọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ yóò rí i pé agboolé wà níbẹ̀ rí.

Yọ ìyá arúgbó náà. Jẹ́ kí iwájú ilé tó ní òrùlé mọ́, kí ipa ìgbálẹ̀ àárọ̀ ṣì hàn: fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ fa ọ̀dà fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ ní ìlà títẹ̀, bí apá ẹni tó ń gbálẹ̀ ṣe ń lọ. Kí koríko dé ẹnu ọ̀nà àwọn ilé yòókù. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan kó jáde láti iwájú ilé tó ní òrùlé náà, èyí tí ènìyàn méjì kò lè rìn pọ̀. Ó ti tó.

Ọ̀dà ìpele ìsàlẹ̀, tapẹ́ńtáìnì nìkan ni kí o fi pò ó kó lè ṣàn. Òróró línsíìdì, èyí tí wọ́n fi ń po ọ̀dà olóróró, òkè ni kó ti pọ̀. Bí o bá yí i padà, òkè á gbẹ ṣáájú ìsàlẹ̀, ojú àwòrán á sì là. Eruku ọyẹ́ ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù, nítorí náà kọjú rẹ̀ sí ògiri ní dídagun. Fáníìṣì kò gbọ́dọ̀ kan án kí oṣù mẹ́fà tó pé. Bí ìpàtẹ bá dé ṣáájú, gbé e lọ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ