Ẹ Ṣí Ìpéǹpéjú Ewúrẹ́ Yín Wò Kí Ẹ Tó Ra Oògùn Aràn

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ kí n bá àwa tí à ń sin ewúrẹ́ sọ̀rọ̀. Òjò àrọ̀kúrò ti ń rọ̀ níhìn-ín ní Ìgbò-Ọrà. Irú àsìkò yìí lọ́dún tó kọjá ni ewúrẹ́ mẹ́rin kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Abo kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì ló kọ́kọ́ kọ̀ tí kò bá àwọn yòókù jáde láàárọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ti wú, ó rọ̀ bí àpò omi. Ẹnì kan ní eyín ló ń dùn ún, ẹlòmíràn ní òtútù ni. Wọ́n tilẹ̀ ní obìnrin ilé kejì ló fi májèlé sínú èèpo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n jẹ, ìjà tí ọ̀rọ̀ yẹn dá sílẹ̀ kò sì tíì parí di òní. Kò wá sí mi lọ́kàn pé aràn ni, torí oṣooṣù ni mò ń ra oògùn aràn lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri ọjà, gbogbo wọn ni mo sì ń rọ ọ́ sí lẹ́nu.

Ìgbà tí ìkẹrin kú ni mo tó ránṣẹ́ pe dókítà ẹran. Ó di orí ewúrẹ́ kan mú, ó fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, ó ní kí n wò ó. Inú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. Lẹ́yìn náà ó la èyí tó kú, ó ṣí ìkẹrin nínú ikùn mẹ́rin tí ewúrẹ́ ní, mo sì fojú ara mi rí wọn: aràn tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, pupa àti funfun lọ́ mọ́ra wọn, wọ́n ṣù mọ́ ara ikùn. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń mu. Abo kan ṣoṣo nínú wọn lè yé ẹyin tó lé ní 5,000 lójúmọ́. Ẹyin náà á bá ìgbẹ́ jáde, á pa, bí ilẹ̀ bá sì tutù tó tún móoru, kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ọmọ aràn á ti máa gun koríko tí ìrì sẹ̀ sí. Ewúrẹ́ tó bá jẹ ẹ́ ti gbé e mì.

Èyí tó dùn mí jù ni ti oògùn. Ìwọ̀n tí wọ́n ń fún àgùntàn ni oníkiri yẹn ní kí n máa fún wọn, bẹ́ẹ̀ ara ewúrẹ́ máa ń tètè da oògùn aràn nù ju ti àgùntàn lọ. Èyí tí kò lágbára nínú aràn ń kú, àwọn tí oògùn kò ràn ń ṣẹ́kù, àwọn ni wọ́n sì ń bí sí i. Owó mi ni mo fi ń tọ́ wọn.

Ní orílẹ̀-èdè South Africa, àwọn dókítà ẹran ṣe páálí kan tí wọ́n ń pè ní FAMACHA. Àwòrán ojú márùn-ún ló wà lára rẹ̀, láti orí pupa títí dé funfun. Ẹran tí ojú rẹ̀ bá pupa, wọn kì í fún un ní oògùn rárá. Èyí tí inú ìpéǹpéjú rẹ̀ bá ń funfun ni wọ́n ń tọ́jú. Bí èmi náà ṣe ń ṣe nìyẹn báyìí, ọ̀sẹ̀ méjì méjì nígbà òjò. Kì í ṣe gbogbo aràn ni ojú ń fi hàn o, eégbọn náà sì ń mu ẹ̀jẹ̀, nítorí náà mo máa ń di ìgbẹ́ tútù sínú ọ̀rá lọ bá dókítà kó fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò. N kì í tú wọn sílẹ̀ kí ìrì tó gbẹ mọ́. Okùn ni mo fi ń so ewé ìyeyè àti àgúnmániyè kọ́ fún wọn, èèpo ẹ̀gẹ́ kò sì kan ilẹ̀ mọ́.

Ẹ má fún ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún ní oògùn aràn tí wọ́n ń pè ní albendazole, ó lè ba ọmọ inú rẹ̀ jẹ́. Bí Iléyá bá sì ń bọ̀, ẹ ka ara ìgò kí ẹ rí iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí a tó lè jẹ àgbò tó mu oògùn.

Ajá ńkọ́? Láti inú ìyá ni ọmọ ajá ti ń gba aràn wá, tó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì ló ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Bí ọmọdé tó ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣeré bá gbé ẹyin aràn ajá yẹn mì, aràn lè dé ojú rẹ̀ kó sì bà á jẹ́. Ẹ máa kó ìgbẹ́ ajá lójoojúmọ́.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo ní sí ìjọba ìbílẹ̀ wa kò tóbi. Kí òṣìṣẹ́ dókítà ẹran kan máa jókòó lọ́jà ẹran ní gbogbo ọjọ́ ọjà, láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀ títí di òpin àrọ̀kúrò, pẹ̀lú awò kan, òṣùwọ̀n kan, àti oògùn tó ní ojúlówó orúkọ àti ọjọ́ lára.

Èmi ni,
Ọlọ́sìn ewúrẹ́ kan,
Ìgbò-Ọrà, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́