Àdùkẹ́, gbé fóònù rẹ

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Wọ́n ní ibi tí wọ́n ń kó ẹrù pamọ́ sí lo ti ń ṣiṣẹ́ ní Kraków, ní Poland níbẹ̀, báyìí, pé ojú rẹ ti dàwátì ní kíláàsì. Mi ò fẹ́ gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n o kì í gbé fóònù. Ṣé o ṣì ń lọ sí kíláàsì?

Ara ìyá àgbà ti ń yá. Àbúrò rẹ ti ṣe JAMB. Jẹnẹrétọ̀ tún ti yọnu.

Tó bá jẹ́ èdè Slav àtijọ́ yẹn, ìyá èdè Rọ́ṣíà, ti Poland àti ti Czech, ló lé ọ sá, mo mọ̀ ọ́n. Mo jẹ ìyà rẹ̀ ní Mọ́skò. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Ohun tó kù lẹ́nu àwọn èdè tí ó bí ni wọ́n fi ń tún un tò, ìdí nìyẹn tí àmì ìràwọ̀ (*) fi ń wà níwájú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Má há tábìlì sórí! Ipò méje tí ọ̀rọ̀ orúkọ ń tìtorí wọn yí ìparí padà, tí ẹyọ, méjì àti ọ̀pọ̀ ní tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ta ló fẹ́ há ìyẹn? Kó àwọn ọ̀rọ̀ inú èdè ọmọ jọ kí o wò wọ́n: gorod, ìlú, ní Rọ́ṣíà, gród lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, hrad lọ́dọ̀ àwọn Czech. *Gordъ ló bí wọn. Lẹ́yìn náà, wo ìdí ọ̀rọ̀. *Mati ni ìyá, ṣùgbọ́n “ti ìyá” ni *matere. R tó sá pamọ́ á yọjú. Tó bá di “ti” báyẹn, *vьlkъ, ìkookò, ń di *vьlka, àmọ́ *synъ, ọmọkùnrin, *synu ló ń dà. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń ṣe bíi *synъ kò pọ̀, ẹgbẹ́ *vьlkъ sì gbé wọn mì. Síbẹ̀, -owi tí àwọn ará Poland ń fi sẹ́yìn orúkọ ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan, ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá. Má sì pe èdè tí Cyril àti Methodius, àwọn míṣọ́nnárì ayé àtijọ́, fi túmọ̀ Bíbélì ní ìyá wọn o. Ọmọ ni òun náà.

Ọ̀lẹ ọmọ! Ṣé o ṣì ń lọ ṣá?

Nígbà tí mo ti Mọ́skò dé, kò sẹ́ni tó ń wá olùkọ́ èdè Rọ́ṣíà. Ẹja dídì ni mo ń tà títí dòní. Nọ́ọ̀sì lo fẹ́ ṣe, mo rántí. Èmi ni mo tì ọ́ síbẹ̀.

Tó o bá ti fi í sílẹ̀, sọ ọ́, kí n má tún lọ ta ilẹ̀ fún owó sáà tó ń bọ̀. Owó tí mo fi ránṣẹ́ lánàá, ti oúnjẹ ni. Jẹun. Pè mí lálẹ́ Sátidé, mi ò ní pariwo.

Màmá rẹ