Lẹ́tà ẹ̀sùn lórí àbàwọ́n inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ mi àti ìlérí tí ẹ kò mú ṣẹ

Gbàgádà, Èkó.

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́ tí ń tọ́jú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ mi,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo ń kọ lẹ́tà yìí nítorí pé ẹnu mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Láàárín ọ̀sẹ̀ 11, ìgbà 19 ni mo ti pe nọ́ńbà tó wà lára àdéhùn wa, gbogbo ẹni tó bá sì gbé ìpè náà ló ń ní kí n ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé n kò ṣàlàyé fún ẹnìkejì rẹ̀ lánàá. Àkọsílẹ̀ iye tí mo san àti ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ yín wá wà lọ́wọ́ yín, nítorí náà n kò ní tún un kà níbí.

Ẹ rántí pé láti ọjọ́ kìíní ni mo ti sọ fún yín pé omi kànga ẹ̀rọ ni mo ń lò, àti pé irin wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti wà nínú omi ọ̀pọ̀ kànga ẹ̀rọ ní Èkó níbí. Irin a máa yòrò sínú omi láìhàn sójú. Ìgbà tí chlorine, oògùn tí ń pa kòkòrò inú omi, bá kàn án ni ó ń dógùn-ún, tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ ara táìlì, pàápàá bí pH omi, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ti kan sí, bá ga ju 7.8 lọ. Ó yẹ kí ẹni tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun mọ èyí. Síbẹ̀, ìgbà mẹ́ta tí àwọn òṣìṣẹ́ yín wá, chlorine náà ni wọ́n ń dà sí i, wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, àbàwọ́n náà sì ń pọ́n sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ.

Èmi fúnra mi dán an wò. Mo ra vitamin C ní ilé ìtajà oògùn, mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo dì í sínú ìbọ̀sẹ̀, mo sì gbé e lé àbàwọ́n tó wà lórí àtẹ̀gùn. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí ojú ibẹ̀ fi funfun. Bó bá ṣe pé ewé tó jábọ́ sínú omi ló fà á, chlorine ni ìbá ká a, vitamin C kò ní lè ṣe é ní nǹkan kan. Irin ló fà á nìyẹn. Mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Mo rí i pé ẹnìkan kà á, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò fèsì.

Èyí tó dùn mí jù lọ ni ti òṣìṣẹ́ yín tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, ní Sátidé tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ 14 ní lúwẹ̀ẹ́. Ó pẹ́ ní wákàtí méjì, kò sì mú ohun ìwọn-omi kankan lọ́wọ́. Nígbà tí mo fi àwòrán náà hàn án, tí mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́kọ́ wọn omi kó tó da nǹkan kan sí i, ó dáhùn lójú àwọn ọmọ àti àwọn ìyá wọn pé: “Ìyá, ẹ lọ jókòó síbì kan. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa kọ́ mi níṣẹ́ ni? Bí omi yín ò bá dáa, ẹ lọ máa ra omi inú ọ̀rá.” Ọmọ ọdún 63 ni mí; mo ti bí ẹni tó ju ọmọkùnrin náà lọ. Nígbà tí mo wọn omi lẹ́yìn tó lọ, chlorine inú rẹ̀ ti kọjá miligíráàmù 10 nínú lítà omi kan, níbi tí ó ti yẹ kó wà láàárín 1 sí 3. Mo ní láti dá àwọn ọmọ náà padà sílé, mo sì dá owó àwọn òbí wọn padà.

Ní Mọ́ńdé tó tẹ̀lé e, ọmọbìnrin kan níbi iṣẹ́ yín fi sùúrù bẹ̀ mí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣèlérí pé ọ̀gá kan yóò wá ní Ọjọ́bọ̀, ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, pẹ̀lú ascorbic acid, ìyẹn vitamin C kan náà, àti oògùn tí ń de irin mọ́ inú omi kó má baà tún lẹ̀. Nítorí pé ascorbic acid kì í ṣiṣẹ́ dáadáa bí chlorine bá pọ̀, ó ní kí n jẹ́ kí chlorine lọ sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò wá. Nígbà tó fi di Sátidé, omi tí àbàwọ́n nìkan ni ìṣòro rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń di àwọ̀ ewé, nítorí chlorine inú rẹ̀ tó ti lọ sílẹ̀. Wọ́n ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lórí afárá Third Mainland ló dá ọ̀gá náà dúró. Mo mọ bí ọ̀nà Èkó ti rí, ṣùgbọ́n ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, ẹnikẹ́ni kò sì pè mí láti dá ọjọ́ mìíràn.

Mo fẹ́ kí ẹ rán ẹni tó mọṣẹ́ wá, tí yóò wọn pH àti irin inú omi náà kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, tí yóò sì yọ àbàwọ́n náà láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ owó ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ wá padà. Mo sì fẹ́ kí òṣìṣẹ́ yín wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi ní Sátidé, níwájú àwọn ọmọ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bí ọjọ́ 14 bá kọjá láìsí èyí, n ó gbé ẹ̀sùn yìí lọ sọ́dọ̀ LASCOPA, àjọ tí ń dáàbò bo oníbàárà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àti sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Lẹ́yìn náà, n ó pè yín sí kóòtù tí ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè kéékèèké, èyí tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2018. Rìsíìtì, àwòrán àti àkọsílẹ̀ gbogbo ìpè mi wà nínú fáìlì kan.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tí yóò pè mí ti ka lẹ́tà yìí tán kó tó pè.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Gbàgádà.